Ilé Ìtajà Onígi ní London, Ilé Ìtajà Àgùdà ní Tinúbú

Ẹni tó bá ń gba Onígbòǹgbò kọjá lówùúrọ̀, yálà láti Maryland lọ sí Òpèbí tàbí láti ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà bọ̀ sí ìhà Agége, kò ní ṣaláì rí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Símẹ́ńtì ni, irin ni, dígí ni. Síbẹ̀, igi ló kọ́kọ́ máa ń dúró níbẹ̀. Pákó ni wọ́n fi ń ṣe àpótí tí wọ́n ń da kọnkéré sí. Ọparun àti igi gbọọrọ ni wọ́n fi ń gbé àjà ró títí tí kọnkéré yóò fi le. Bó bá ti le tán, káfíńtà á padà wá, á fa ìṣó yọ, á kó pákó rẹ̀ sínú ọkọ̀, igi á sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í rántí mọ́. Ìlú tí orúkọ rẹ̀ ru gbòǹgbò igi lórí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni àlejò tó bá fẹ́ wo ilé ìtajà àtijọ́ máa ń lọ.

Èyí kò yani lẹ́nu. Ọjọ́ orí àgbègbè náà ló fà á. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó gba ìhà ibẹ̀ lọ sí òkè, ó sì di ọdún 1901 kí ó tó dé Ìbàdàn. Nígbà náà, oko kòkó àti obì ni Agége fi ń yangàn, ibẹ̀ ni Jacob Kehinde Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti di ìlú-mọ̀ọ́ká àgbẹ̀. Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá, kò sì bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó àfi lọ́dún 1967. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rí ilé ìtajà tó ti gbó gbọ́dọ̀ sọdá afárá lọ sí Erékùṣù Èkó. Èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ wò kò sí níbẹ̀ mọ́. Kí a tó sọ bí ó ṣe lọ, ó dára kí a kọ́kọ́ yà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ibẹ̀ ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ní ìtàn tó gùn, tí wọ́n sì ti pa á mọ́ jù.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí bíríkì tó gbòde, igi oak ni egungun ilé. Káfíńtà ni ọ̀gá ìkọ́lé, kì í ṣe bíríkìlà. Á gé igi nígbà tó ṣì tutù, nítorí pé oak tó bá ti gbẹ máa ń le débi pé ó ń dá irinṣẹ́ lágara. Á to òpó àti ìtì ìdábùú sílẹ̀ nínú àgbàlá rẹ̀, á gbẹ́ ihò sára ọ̀kan, á gbẹ́ ahọ́n sára èkejì, á ki ahọ́n bọ ihò, á sì fi èèkàn igi dè é pinpin. Kò nílò ìṣó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọ inú ara wọn, á fi irin ha àmì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan kí ó má baà ṣì wọ́n mú, á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, á kó o lọ sórí ilẹ̀ tí ilé yóò dúró sí, á sì tún un tò níbẹ̀. Àyè tó bá ṣẹ́ kù láàrin igi sí igi ni wọ́n ń fi ọ̀pá híhun dí, tí wọ́n á wá fi amọ̀ tí wọ́n po mọ́ koríko rẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ti rí ilé amọ̀ ní abúlé Yorùbá rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí apá yìí.

Ohun tó wúlò jù fún oníṣòwò nínú irú ilé yìí ni pé ògiri rẹ̀ kò gbé ẹrù kankan. Igi ló gbé àjà, igi ló gbé òrùlé. Olóhun lè ṣí iwájú ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu sí títì kí ilé má sì mì. Nítorí pé ilẹ̀ ọjà wọ́n, wọ́n ń jẹ́ kí àjà òkè yọrí jáde sí títì ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí yàrá lè fẹ̀ díẹ̀ sí i láìjẹ́ pé wọ́n san owó ilẹ̀ kún un. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, òkè ni wọ́n ń gbé. Ní ìlú York, gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní Merchant Adventurers bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́dún 1357 ṣì dúró lórí òpó oak rẹ̀ títí di òní, ẹgbẹ́ náà ló sì ṣì ni ín. Ní Chester, odindi òpópónà ni ìsọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ tí ìsọ̀ mìíràn sì tún wà lókè rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ alórùlé tí àwọn oníbàárà ń gbà kọjá lókè.

Iná ló dá ọwọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ dúró ní London. Lẹ́yìn iná ńlá ọdún 1666, òfin sọ ọ́ di dandan pé bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n máa fi kọ́ ògiri ìta. Díẹ̀ ló bọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Staple Inn ní Holborn, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1585. Iná ọdún 1666 kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àmọ́ bọ́ǹbù Jámánì kàn án ní oṣù kẹjọ ọdún 1944, ó sì fọ́ gbọ̀ngàn rẹ̀ yángá. Wọ́n ṣa ohun tó ṣeé ṣà nínú àwókù náà, wọ́n sì tún gbọ̀ngàn náà kọ́ ní àárín ọdún 1950 sí 1959. Kí ẹni tó ń ka ìtàn yìí fi ibẹ̀ sọ́kàn.

Ilé onígi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé London mọ̀ jù lọ kò dàgbà tó bí ó ṣe ń ṣe. Liberty ni, ilé ìtajà aṣọ àti ohun ẹ̀ṣọ́ tó wà ní Great Marlborough Street. Arthur Lasenby Liberty ló dá òwò náà sílẹ̀ lọ́dún 1875, ó sì ti kú lọ́dún 1917 kí wọ́n tó kọ́ ilé tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Edwin T. Hall àti ọmọ rẹ̀, Edwin Stanley Hall, ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀, ọdún 1924 ni wọ́n sì kọ́ ọ. Ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ni ilẹ̀ Regent Street, àwọn tó ń bójú tó ilẹ̀ náà kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ ohun tó yàtọ̀ sí ilé olókùúta níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Liberty kọ́ olókùúta síwájú bí wọ́n ṣe pàṣẹ, wọ́n kọ́ èyí tó wù wọ́n sẹ́yìn, wọ́n sì fi afárá kékeré kan so méjèèjì pọ̀ lókè títì Kingly Street.

Ọkọ̀ ogun ojú omi méjì, HMS Impregnable àti HMS Hindustan, ni wọ́n tú láti rí igi ilé náà. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún ẹsẹ̀ oníhà mẹ́ta igi, ìyẹn 24,000, ni wọ́n rí lára wọn. Pákó tí àwọn ọmọ ogun fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí rẹ̀ ní òkun ni àwọn tó ń ra aṣọ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí. Inú ilé náà ló lè dùn mọ́ ará Yorùbá jù. Àgbàlá mẹ́ta ni wọ́n ṣí sílẹ̀ láàrin rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba òkè wọlé, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, tí àwọn yàrá kéékèèké sì ṣí ẹnu sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí oníbàárà rò pé inú ilé ẹnìkan lòun wà. Ẹni tí wọ́n bí sínú agbo ilé tó ní àkòdì yóò mọ ìlànà náà lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó kọ́ àwọn ayàwòrán náà ní ti Yorùbá.

Àwọn onímọ̀ ilé kan ní àsìkò náà fi ilé yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní irọ́ ni, pé ilé ọdún 1924 gbé aṣọ ọdún 1524 wọ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n igi náà kì í ṣe irọ́, oríkèé rẹ̀ kì í ṣe irọ́, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ilé tí òfin dáàbò bò. Ẹni tó bá fẹ́ yí fèrèsé kan padà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ ìyọ̀ǹda.

Ọdún 1924 yẹn kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá ní Wembley, tí wọ́n kó iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn jọ. Lára ohun tó ti Nàìjíríà lọ ni ìlẹ̀kùn kan láti ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, tó fi hàn bí òyìnbó kan ṣe wá kí ọba, tí wọ́n fi ìbùsùn gbígbé gbé e wá. Àwọn ará British Museum rí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Pàṣípààrọ̀ ló gbà: kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe ìtẹ́ náà, ìlẹ̀kùn sì dúró sí London títí di òní. Lọ́dún tí London ń tú ọkọ̀ ogun láti fi ṣe ilé tó dà bí ti àtijọ́, ìlẹ̀kùn ọwọ́ ẹni tó wà láàyè, tó ṣì ń gbẹ́ igi lójoojúmọ́ ní Èkìtì, ni wọ́n ń fi pamọ́ bí ẹni pé ohun àtijọ́ ni. Ọlọ́wẹ̀ kò kú títí di ọdún 1938.

Igi Yorùbá kò sì ṣe àjèjì ní ọjà pákó Gẹ̀ẹ́sì. Ìrókò, òpèpè, ìdígbó: bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n nínú igbó Oǹdó ni àwọn oníṣòwò pákó Yúróòpù ṣe ń pè wọ́n, àfi pé wọn kò ní ohùn. Ìrókò ni wọ́n ń lò níbi tí tíìkì bá ti wọ́n jù. Òpèpè ni wọ́n ń rì sínú omi nídìí èbúté, nítorí pé ó le.

Ní Èkó ńkọ́? Ní nǹkan bí ọdún 1855, ìdílé kan tó ń jẹ́ Fernandez kọ́ ilé alájà kan sí ibi tí a mọ̀ sí Tinúbú lónìí, ní ìkángun Bamgbose Street. Ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ni wọ́n fi ṣe. Casa do Fernandez ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Èkó tó yí ilé náà ká ṣì ń gbóná. Ọdún mẹ́rin péré ni wọ́n ti fi àgbá ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Lọ́dún tó tẹ̀ lé ìgbà tí ilé náà dìde ni wọ́n lé Ẹfúnróyè Tinúbú fúnra rẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára pápá náà, kúrò ní ìlú. Ọdún 1861 sì ni Dòsùmú tọwọ́ bọ ìwé tó sọ Èkó di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Láàrin ìrúkèrúdò yìí ni ẹnìkan rò ó pé ohun tí Èkó nílò ni ibi tí ènìyàn ti lè jókòó jẹun kó sì mu ọtí. Oníṣòwò tòótọ́ ni.

Àwọn tí ọwọ́ wọn kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìtàn dúró lé lórí. Àgùdà ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá tí ogun kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ kó lọ sí Bahia ní Brazil, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ra ara wọn padà. Ní Bahia, ẹrú tó bá mọ iṣẹ́ bíríkìlà tàbí ti káfíńtà lè máa jáde lọ ṣiṣẹ́ ní ìgboro, kí ó mú iye tí olówó rẹ̀ bá dá wá fún un, kí ó sì tọ́jú ìyókù. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀nà òmìnira. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ ẹrú dì ní Bahia lọ́dún 1835, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wo àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gbòmìnira, wọ́n lé àwọn kan, àwọn mìíràn sì dìde fúnra wọn. Wọ́n padà sí etí òkun tí wọ́n ti kó wọn: Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́, Ajúdà, Èkó. Ní Èkó, àdúgbò wọn ni Pópó Àgùdà. Ọgbọ́n tí wọ́n kó bọ̀ kò ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni.

Ilé tí wọ́n ń kọ́ kò jọ ti Gẹ̀ẹ́sì onígi nínú egungun rẹ̀. Ògiri ló ń gbé ẹrù níbí: ògiri amọ̀ tó nípọn, tàbí ti bíríkì, tí wọ́n rẹ́ dán, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ ọnà yí ojú fèrèsé àti orí òpó ká. Lórí ògiri yìí ni wọ́n ń to ìtì igi lé kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, tí wọ́n á kan pákó mọ́ ọn láti ṣe ilẹ̀ àjà òkè. Igi ni àtẹ̀gùn, igi ni ìlẹ̀kùn fèrèsé, igi ni gbogbo ohun tó gbé òrùlé. Àmọ́ ìlànà òwò rẹ̀ bá ti York àti Chester mu gẹ́lẹ́: ìsàlẹ̀ ṣí sí títì fún ìtajà, òkè wà fún ìgbé. Casa do Fernandez ní ẹnu ọ̀nà tí orí wọn tẹ̀ kọrọdọ tò lọ ní ìsàlẹ̀, fèrèsé olórí kọrọdọ sì tún tò lé wọn lókè, tí ẹni tó dúró ní Tinúbú fi ń rí i bí ẹni tó wọ aṣọ ìyàwó dúró láàrin ọjà.

Ohun kan tún wà tí àwọn Àgùdà yí padà tí ará Ìkẹjà àti Agége ń gbé nínú rẹ̀ títí di òní láìmọ ibi tó ti wá. Ilé Yorùbá àtijọ́ yí àgbàlá ká. Gbogbo yàrá ló kọjú sí ìta gbangba tó wà láàrin. Ilé Àgùdà pa àgbàlá náà rẹ́, ó fi ọ̀nà tóóró kan gba àárín ilé kọjá, ó sì to yàrá sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ìlànà yìí tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ya lu àgbègbè iléeṣẹ́, òun ni àwọn onílé kọ́ fún wọn, yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayé ń pè ní face-me-I-face-you. Baálé ilé Bahia kò ní mọ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ni.

Orúkọ díẹ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ náà kò parẹ́. João Baptista da Costa ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894, tí Gómìnà Gilbert Carter sì wà níbẹ̀: ọmọ Àgùdà tó ń jẹ́ orúkọ Kristẹni ló kọ́ ilé ìjọsìn fún Mùsùlùmí, pẹ̀lú òdòdó amọ̀ tó mú ti Bahia bọ̀. Balthazar dos Reis, ọ̀gá nínú iṣẹ́ igi, fi tábìlì kan ránṣẹ́ sí àfihàn tí wọ́n ṣe ní London lọ́dún 1886, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ idẹ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí oak ti jẹ́ àṣà wọn láti ẹgbẹ̀rún ọdún ló fún káfíńtà Èkó ní àmì ẹ̀yẹ lórí iṣẹ́ igi. Èèyàn ì bá rò pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ yóò wà lára ògiri gbogbo iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ní ọdún 1933, ilé Fernandez bọ́ sọ́wọ́ Alfred Omolona Olaiya, ọlọ́rọ̀ kan tí ìdílé rẹ̀ ti Ìjẹ̀ṣà-Ìsu ní Èkìtì wá. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Ilojo Bar, tí àwọn mìíràn sì ń pè é ní Ilé Olaiya. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Alfred ni Victor Olaiya, onífèrè tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí ọ̀gá nínú orin highlife, tó kú lọ́dún 2020. Lọ́dún 1956, ìjọba kéde Ilojo Bar gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, lábẹ́ òfin ohun àtijọ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1953. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀ tún fi ẹsẹ̀ ìdáàbòbò náà múlẹ̀. Lórí ìwé, kò sí ilé ìtajà ní Èkó tí òfin ṣọ́ tó o.

Ṣùgbọ́n òfin kì í dí ihò òrùlé. Nínú ilé tí ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tàbí bíríkì tó gbó, tí àjà rẹ̀ sì jẹ́ igi, omi ni ọ̀tá. Bí páànù bá jò, omi á gba orí ògiri sọ̀ kalẹ̀, á sì dúró níbi tí orí ìtì igi ti wọ inú ògiri. Ibẹ̀ kò rí atẹ́gùn, ibẹ̀ kò rí oòrùn. Orí igi á jẹrà níbi tí ojú kò tó o, nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì le bí irin; ikán á sì tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí igi náà bá yọ lára ògiri ni ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, nítorí pé igi ọ̀hún ló ń di ògiri méjèèjì mú. Owó díẹ̀ ló ń gba ilé bẹ́ẹ̀ là bí wọ́n bá tètè ná an: páànù tuntun, ọ̀nà omi òrùlé, káfíńtà tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé orí igi tó jẹrà kúrò tí wọ́n á fi tuntun rọ́pò. Bí wọ́n bá fi ogún ọdún sílẹ̀, owó ńlá ni.

Ta ni kí ó ná owó náà? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di kókó nìyí. Ilé ẹbí ni. Ìjọba sọ fún ẹbí pé wọn kò gbọdọ̀ wó o, wọn kò sì gbọdọ̀ yí i padà, lórí ilẹ̀ tí owó rẹ̀ ń ga sí i lọ́dọọdún ní ojú ọjà Èkó gan-an. Ẹni tí a bá ní kí ó máa tọ́jú ohun tí kò lè tà, tí kò lè tún kọ́, tí kò sì ń mú owó gidi wọlé fún un, iṣẹ́ ìlú la gbé lé e lọ́rùn. Àwọn kan nínú ẹbí sọ pé ilé náà ti di ewu fún ẹni tó ń kọjá. Èyí kì í ṣe àwíjàre lásán. Ilé tí kò rí ìtọ́jú máa ń pa èèyàn. Ohun tí kò tọ̀nà ni pé láti 1956 títí di 2016, ọgọ́ta ọdún gbáko, kò sí ètò kan tó dúró ṣinṣin tó fi hàn pé orílẹ̀-èdè tó gba orúkọ ilé náà tún gba ìnáwó rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ni katapílà wọ Tinúbú. Ọ̀la rẹ̀ ni ọdún Iléyá. Ilé iṣẹ́ ìjọba ti tì, ẹran ni gbogbo Èkó ń wá kiri. Kí oòrùn tó wọ̀, Ilojo Bar ti di òkìtì. Ariwo sọ ní Nàìjíríà àti ní òkè òkun. Àjọ ohun ìrántí bínú, ẹgbẹ́ Legacy 1995 tó ti ń jà fún àwọn ilé àtijọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ kédàárò, ṣùgbọ́n ariwo kì í gbé ògiri dìde. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ilé ìtajà ńlá aláwọ̀ dúdú nì sí Maryland, nítòsí Onígbòǹgbò, àwọn èèyàn sì ń tò wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ju èyí lọ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, iléeṣẹ́ Firestone tó wà ní Brentford, ní ìwọ̀-oòrùn London, ilé ẹlẹ́wà kan tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1928, wà ní bèbè kí ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ilé tí òfin dáàbò bò. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ dé. Àwọn tó ni ilé náà rán katapílà sí i kí ọ́fíìsì tó ṣí, wọ́n sì wó ojú rẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni pẹ̀lú ti Tinúbú, ìrọ̀lẹ́ ọdún ni ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ fi ń ṣe é. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tó tẹ̀ lé e. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà ti yára fi orúkọ ọ̀pọ̀ ilé irú rẹ̀ sínú ìwé ìdáàbòbò, kí ìsinmi mìíràn má baà kó wọn lọ. Ilé iṣẹ́ Hoover tí kò jìnnà sí i wà lára wọn, ó sì ṣì dúró.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Èkó, iṣẹ́ tó ṣòro jù lọ ni wọ́n ti ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Marianno Carneiro da Cunha, ọmọ Brazil, kọ ìwé kan lórí àwọn ilé Àgùdà ní Nàìjíríà àti Benin, èyí tó jáde lọ́dún 1985, Pierre Verger ló sì ya àwòrán inú rẹ̀. Ojú ilé kọ̀ọ̀kan hàn níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀, òdòdó orí òpó rẹ̀, bí àtẹ̀gùn onígi ṣe yí. Ní Holborn, ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ nígbà tí bọ́ǹbù tú gbọ̀ngàn Staple Inn ká kò ju igi tí wọ́n ṣà àti àwòrán tí wọ́n ti yà sílẹ̀ lọ. Ní Pópó Àgùdà, àwọn ilé kan ṣì ń bẹ tí páànù wọn ti dípẹtà, tí ìlẹ̀kùn fèrèsé onípákó wọn ṣì ń ṣí lówùúrọ̀, tí ẹnìkan sì ń ta omi inú ọ̀rá àti káàdì ìpè ní ìsàlẹ̀ wọn. Òṣùwọ̀n káfíńtà kan àti ọ̀sán méjì tó láti mọ èyí tí orí igi rẹ̀ ti ń jẹrà nínú wọn.